Wọ́n ní àpótí kan á gé owó iná ṣọ́ọ̀bù mi sí ìdajì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó sanwó

Ẹlẹ́jaTútù_Ìgbọ̀nà (Túsìdeè, 7:52 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹja tútù ni mò ń tà ní ọjà Ìgbọ̀nà, Òṣogbo níbí. Firísà mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, méjì nínú wọn ti dàgbà. Látìgbà tí wọ́n ti gbé àdúgbò wa sí Band A, àwọn tí iná ń wá fún jù tí owó wọn sì ga jù, ni owó iná ti ń jẹ èrè mi. Bí mo bá ra káàdì ₦20,000, kì í tó ọ̀sẹ̀ kan tí mítà fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ọmọkùnrin kan wá sọ́jà lánàá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, ó fi káàdì ìdánimọ̀ kọ́rùn. Àpótí funfun kékeré kan ló ń tà, kò ju ṣájà fóònù tó sanra díẹ̀ lọ. Wọ́n á kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná aláwọ̀ ewé á tàn níwájú ẹ̀, ó parí. Ó ní firísà kan, àpótí kan, ₦45,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní owó iná mi á já sí ìdajì.

Mo ní mi ò gbà. Ló bá yọ irin ẹlẹ́nu kan jáde nínú báàgì, ó fi gbá wáyà kan tó ń gbé iná bọ̀ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì firísà mú, ó ní kí n ka nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀ fúnra mi: 1.3. Ó ki àpótí bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nọ́ńbà já wálẹ̀, ó di 0.7. Ojú mi ló ṣe é, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Àwọn tó yí wa ká ń pàtẹ́wọ́. Ìyá aládìẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ra méjì lójú ẹsẹ̀.

Ó ń bọ̀ wá gbowó tèmi ní Sátidé, ₦135,000 fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa iná, ṣé kí n san án?

ỌmọAlékúwodò (Túsìdeè, 8:03 alẹ́)

Bí ọ̀kan bá gé e sí ìdajì, ẹ ki méjì bọ ọ́ lórí firísà kan, Màmá, kí owó iná yín di òdo. Tẹ́ ẹ bá wá ki mẹ́ta bọ ọ́, àwọn oníná ni yóò máa sanwó fún yín lóṣooṣù.

BàbáWẹ́dà_OldGarage (Túsìdeè, 8:20 alẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí, gbogbo nǹkan lẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Irú àpótí yẹn wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fi sí i lọ́dún tó kọjá, káàdì mi sì pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò ní gbogbo ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé irọ́ ni gbogbo wọn.

WáyàNiṢẹ́Mi (Túsìdeè, 9:41 alẹ́)

Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹ dákun, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí yẹn, òótọ́ ni. Ọmọ yẹn ò ṣe idán kankan sí i. Ibẹ̀ gan-an ni wàyó ọ̀hún fara pamọ́ sí.

Irin ẹlẹ́nu yẹn là ń pè ní kílámpù. Èmi náà ní i, ojoojúmọ́ ni mo ń lò ó. Áńpù ló ń kà, ìyẹn ni bí iná tó ń gba inú wáyà kọjá ṣe pọ̀ tó. Mítà tó wà lára ògiri yín kì í ta áńpù. Kílówáàtì-wákàtí ló ń tà, òun náà là ń pè ní yúnìtì. Ẹ wo ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tẹ́ ẹ ra káàdì, ẹ ó rí “kWh” níbẹ̀. Ẹ ò ní rí “A” fún áńpù níbì kankan.

Nǹkan méjèèjì ò jọra, pàápàá lórí ohun tó bá ní ẹ́ńjìn nínú, bíi kọ̀mpírẹ́sọ̀ firísà. Wáyà tí wọ́n ká sínú ẹ́ńjìn yẹn gbọ́dọ̀ di òòfà kó tó lè yí. Iná tó fi ń di òòfà, kò jẹ ẹ́. Á gbà á lórí wáyà, á dá a padà, á tún gbà á, á tún dá a padà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe láìdúró. Ó dà bí kẹ́ ẹ yá odó lọ́wọ́ ìyá aládìẹ, kẹ́ ẹ gún iyán yín tán, kẹ́ ẹ gbé odó fún un. Odó lọ, odó bọ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín lówó odó. Iṣu tẹ́ ẹ jẹ ni wọ́n ń kà sí yín lọ́rùn. Mítà mọ̀yàtọ̀ iṣu sí odó. Kílámpù ò mọ̀ ọ́n, àpapọ̀ gbogbo ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà ló ń kà.

Kí ló wà nínú àpótí funfun? Mo ti tú u ju ọ̀kan lọ. Kàpásítọ̀ kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ (ohun tó máa ń gba iná pamọ́ díẹ̀, tó tún ń dá a padà), fíúùsì, àti gílóòbù kékeré tó ń tan iná ewé. Iṣẹ́ kàpásítọ̀ yẹn ni kó máa yá firísà ní iná òòfà yẹn láti tòsí, kó má baà máa lọ gbà á lọ́nà jíjìn. Áńpù á wálẹ̀ lóòótọ́. Owó ò ní kúrò níbi tó wà, torí mítà ò kà á tẹ́lẹ̀.

Tíṣà_Físíìsì (Túsìdeè, 10:15 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà tí Màmá kọ ṣírò, torí ó wọlé gééré.

Iná tó ń bọ̀ nílé wa, 230 fóltì ló yẹ kó jẹ́. Ká ní firísà yẹn ń jẹ 150 wáàtì (iṣu gan-an nìyẹn), bó ti yẹ fún irú ẹ̀. 150 pín sí 230, ó kọjá 0.65 díẹ̀ láńpù. Ìyẹn ni 0.7 tí kílámpù kà lẹ́yìn tó ki àpótí bọlé. 1.3 tó kà tẹ́lẹ̀, odó wà nínú ẹ̀. Ṣáájú àpótí, 150 wáàtì. Lẹ́yìn àpótí, 150 wáàtì.

Tí firísà bá fi wákàtí kan ṣiṣẹ́ láìdánudúró, 0.15 yúnìtì nìyẹn. Iye tí wọ́n ń ta Band A ní July 2024 ni mo fi ṣírò, ₦209.50 fún yúnìtì kan. Ẹ fi owó orí 7.5% lé e, ó di ₦225 ó lé díẹ̀. Nítorí náà, wákàtí kan jẹ́ nǹkan bíi ₦34, àpótí wà níbẹ̀ o, àpótí ò sí níbẹ̀ o. Kódà, iná ewé tó ń tàn níwájú ẹ̀ ń jẹ tiẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ.

Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òṣùwọ̀n, NIST, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ní 2009. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ ò yàtọ̀ sí èyí: fún ẹni tí mítà ń ka kWh fún, kò sí ìfowópamọ́ kan tó ṣeé fojú rí níbẹ̀.

BàbáWẹ́dà_OldGarage (Ọjọ́rú, 6:30 àárọ̀)

Tíṣà, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n mo ti ṣiṣẹ́ rí níléeṣẹ́ ńlá kan, kàpásítọ̀ tó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n tò síbẹ̀ fún àwọn ẹ́ńjìn. Ṣé àwọn òyìnbó tó gbé e síbẹ̀ ò gbọ́n ni?

WáyàNiṢẹ́Mi (Ọjọ́rú, 7:12 àárọ̀)

Wọ́n gbọ́n dáadáa, Bàbá. Iléeṣẹ́ tí ẹ́ńjìn ẹ̀ pọ̀ ń fẹ́ kí áńpù wálẹ̀ kí wáyà má baà gbóná, kí tiransífọ́mà má sì kún jù. Ní ọ̀pọ̀ ìlú lókè òkun, wọ́n tún máa ń bá àwọn iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣírò odó pọ̀ mọ́ iṣu, torí odó wọn pọ̀ débi tó ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó kù. Níbẹ̀, kàpásítọ̀ ń mówó wọlé lóòótọ́. Ẹnjiníà ló ń wọn ẹ́ńjìn kọ̀ọ̀kan kó tó yan èyí tó bá a mu. Àpótí ₦45,000 tí wọ́n gbé kiri ọjà, ta ló wọn kí ni?

Ṣọ́ọ̀bù yín ńkọ́? Band wo lẹ wà? Oṣù wo lẹ fi sí i?

BàbáWẹ́dà_OldGarage (Ọjọ́rú, 7:40 àárọ̀)

Band C. Oṣù keje ni.

WáyàNiṢẹ́Mi (Ọjọ́rú, 7:44 àárọ̀)

Oṣù keje sí ìkẹjọ lọ́dún tó kọjá, ṣé iná ń wá fún yín bó ṣe yẹ? Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ lápá ibẹ̀ ò ríná dáadáa nígbà yẹn.

BàbáWẹ́dà_OldGarage (Ọjọ́rú, 8:02 àárọ̀)

Òótọ́ ni tiransífọ́mà wa bàjẹ́ lásìkò yẹn, jẹ́n la fi ń ṣiṣẹ́. Mi ò rántí ìgbà tí wọ́n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n mi ò ní yọ àpótí mi. Kò pa mí lára.

ỌmọAlékúwodò (Ọjọ́rú, 8:05 àárọ̀)

Jẹ́n ló jẹ iṣu, àpótí ló gba oríyìn 😂

Ojúlówó_Àpótí_Iná (Ọjọ́rú, 12:18 ọ̀sán)

Ẹ káàsán o gbogbo ilé. Èmi ni aṣojú àpótí tẹ́ ẹ ń bà lórúkọ jẹ́ yìí. Ó ṣe mí láàánú pé àwọn wáyàmáàn tó ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ wọn má bọ́ ló ń darí yín. Láti Jámánì ni ọjà wa ti wá. Ó máa ń tún iná ṣe, ó ń fọ ìdọ̀tí inú iná dànù, kì í jẹ́ kí iná tó ga jù ba ẹ̀rọ jẹ́. Ẹ má retí pé ẹ ó rí ìyàtọ̀ lọ́jọ́ kan. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló fi máa ń kọ́ bí wáyà ilé yín ṣe rí kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu. Àwọn oníbàárà wa ní Òkè-Fíà, Ọláìyá àti Òkè-Baálẹ̀ ń dúpẹ́. Ẹni tó bá fẹ́, kó pè mí lórí [Olùtọ́jú ti yọ nọ́ńbà]

Olùtọ́jú_Ojúlé (Ọjọ́rú, 12:31 ọ̀sán)

A kì í fi nọ́ńbà ìpolówó síbí. Ẹ lè dúró bá wọn jiyàn, ààyè wà.

Tíṣà_Físíìsì (Ọjọ́rú, 1:10 ọ̀sán)

Ẹ kú àbọ̀, aṣojú. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ní Mọ́ńdè, nọ́ńbà já wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lójú Màmá, ẹ sì sọ fún wọn pé ìfowópamọ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lónìí, ẹ ní ó di ọgbọ̀n ọjọ́. Èwo ni ká mú? Kàpásítọ̀ ò ní ọpọlọ, kò sóhun tó fẹ́ kọ́ lára wáyà ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọgbọ̀n ọjọ́ ti wúlò ni pé ẹni tó tajà á ti wà ní Iléṣà tàbí Ẹdẹ nígbà tí ẹni tó rà á bá ń wá a.

WáyàNiṢẹ́Mi (Ọjọ́rú, 1:52 ọ̀sán)

Ká má fọ̀rọ̀ gùn. Aṣojú, ẹ gbé àpótí yín wá ní Sátidé, èmi náà á wá sí ṣọ́ọ̀bù Màmá. A ò ní lo kílámpù. Mítà la ó lò, torí mítà ni Màmá ń sanwó fún.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ lè dán an wò fúnra yín. Iná pupa kékeré kan wà lára mítà tó máa ń tàn, tó tún ń kú. Wọ́n kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, “1000 imp/kWh” ló wà lára èyí tó pọ̀ jù. Ti àwọn mìíràn jẹ́ 1600. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí iná yẹn bá tàn nígbà 1000, yúnìtì kan ti lọ. Ẹ yí firísà sí ibi tó tutù jù kó má baà dákẹ́ láàárín, ẹ pa gbogbo nǹkan mìíràn, kí ẹnì kan máa wo aago, kí ẹnì kan máa ka iye ìgbà tí iná pupa tàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ki àpótí bọ ọ́, ẹ tún un kà. Ẹ yọ ọ́, ẹ tún un kà. Yíyọ yẹn ṣe pàtàkì, torí àwọn kan máa ń dúró de ìgbà tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá dákẹ́ fúnra ẹ̀ kí wọ́n tó ki àpótí bọlé, wọ́n á ní ẹ wò ó, mítà ti ń rìn jẹ́jẹ́.

Tó bá jẹ́ orí òpó ni mítà yín wà, tí kíípáàdì nìkan wà nínú ilé, ẹ ò ní rí iná pupa. Ẹ ka yúnìtì tó kù lójú kíípáàdì ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ìwé kékeré tó bá kíípáàdì wá tún ní kóòdù tí ẹ máa tẹ̀ tó máa fi wáàtì tẹ́ ẹ ń lò lọ́wọ́ hàn yín. Ẹ bi wáyàmáàn yín tí ìwé bá ti sọnù.

AlágbàTẹ̀wé (Ọjọ́rú, 4:25 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, kí n mú èyí tó jọ ọ́ wọlé. Tẹ̀wétẹ̀wé ni mí ní Òkè-Fíà. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù wá bá mi, ó ní olùdámọ̀ràn lòun lórí owó iná fún àwọn oníṣòwò. Òun á yọ mítà mi kúrò ní Band A, òun á gbé e sí Band C. Kí n san ₦80,000 fún fọ́ọ̀mù, kí n buwọ́ lùwé pé òun á máa gba ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó tí mo bá rí fi pamọ́ fún ọdún méjì. Ó mọ nọ́ńbà mítà mi kí n tó sọ ọ́, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

WáyàNiṢẹ́Mi (Ọjọ́rú, 5:03 ìrọ̀lẹ́)

Ara mítà yín kọ́ ni nọ́ńbà yẹn wà gbangba ni, alàgbà? Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà lè kà á.

Ẹnì kankan ò lè gbé mítà ẹyọ kan láti Band dé Band. Fídà ni Band ń tẹ̀lé, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná láti sọ́bùsítéṣọ̀n wá sí tiransífọ́mà yín. Gbogbo ẹni tó wà lórí fídà yẹn ló jọ wà ní Band kan náà, ẹ̀yin, ṣọ́ọ̀ṣì, àti onígẹ̀rígẹ̀rí iwájú yín. Wákàtí tí iná fi ń wá ni wọ́n fi pín in: A jẹ́ 20 ó kéré tán, B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4.

Nígbà tí NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, gbé owó Band A lọ sí ₦225 ní April 2024, wọ́n kọ ọ́ sínú àṣẹ wọn pé bí iléeṣẹ́ iná bá kùnà wákàtí tó ṣèlérí fún ọjọ́ méje léraléra, kí wọ́n já fídà yẹn wálẹ̀ sí Band tó bá iná tó ń rí mu. Ọ̀nà àbáyọ wà níbẹ̀. Kí gbogbo àdúgbò máa kọ wákàtí iná sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn níléeṣẹ́ iná. Bí wọn ò bá dáhùn, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ NERC. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí fọ́ọ̀mù ₦80,000 níbẹ̀.

AlágbàTẹ̀wé (Ọjọ́rú, 5:20 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣé o. Mo ti ní kó má wá mọ́. Ó ní mo ń fi ìbùkún ṣeré.

Olómi_Ayétòrò (Ọjọ́rú, 9:16 alẹ́)

Ẹ̀yin ṣì ń sọ ti àpótí. Lórí WhatsApp tèmi, tókìn-ìn ìdajì owó ni wọ́n ń tà: ẹ fi ₦25,000 ránṣẹ́, wọ́n á fi káàdì ₦50,000 ránṣẹ́ sí yín. Omi inú ọ̀rá ni mò ń ṣe, ẹ̀rọ mi ń jẹ iná bí nǹkan míì. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé ẹ̀ẹ̀kan wọlé fún òun.

Tíṣà_Físíìsì (Ọjọ́rú, 9:50 alẹ́)

Èyí tó wọlé lẹ́ẹ̀kan yẹn ni ìdẹ. Tókìn-ìn yẹn, ìyẹn nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 20 tẹ́ ẹ ń tẹ̀ sí mítà, kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, orí mítà kan ṣoṣo ló sì máa ń ṣí. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ò sí lọ́wọ́ ẹ̀ ò lè dá a ṣe nínú yàrá ẹ̀. Bó bá wọlé lóòótọ́, ẹnì kan ló san ₦50,000 pé. Bí ẹni tó tà á fún yín ò bá san án, káàdì báńkì ta ni wọ́n fi rà á? Orúkọ yín àti nọ́ńbà mítà yín ló wà lórí rìsíìtì o, kì í ṣe tiwọn.

Ẹ ò rántí November 2024 nígbà tí gbogbo mítà gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 20 méjì kí wọ́n tó lè gba káàdì mọ́? Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún èèyàn ní nọ́ńbà méjèèjì. Síbẹ̀, àwọn kan gba ₦5,000 lọ́wọ́ ìyá mi àgbà fún un.

ỌmọAlékúwodò (Ọjọ́rú, 10:02 alẹ́)

Ẹni tó ní òun á “fi nǹkan sẹ́yìn mítà” fún mi ńkọ́? Ó ní ₦30,000 péré, títí ayé.

WáyàNiṢẹ́Mi (Ọjọ́rú, 10:11 alẹ́)

Olè nìyẹn, àbúrò. Òfin iná 2023 ka fífọwọ́ kan mítà sí ẹ̀ṣẹ̀. Tí wọ́n bá mú ẹ, wọ́n á já iná ẹ, wọ́n á bá ẹ ṣírò owó ẹ̀yìn, wọ́n á tún bu owó ìtanràn lé e. Ẹni tó ṣe é fún ẹ ò ní sí níbẹ̀. Mo ti rí ibi tí wáyà ẹ̀yìn mítà bẹ́ẹ̀ ti gbóná tó jó pátákó tí wọ́n kan mítà mọ́. Má tún bi mí ní irú ẹ̀ mọ́.

Ẹlẹ́jaTútù_Ìgbọ̀nà (Tọ́sìdeè, 6:05 àárọ̀)

Ẹ ṣé o gbogbo yín. Ó ti yé mi. Ṣùgbọ́n firísà mi ṣì ń jẹ iná. Kí ni kí n wá ṣe tó jẹ́ òótọ́?

WáyàNiṢẹ́Mi (Tọ́sìdeè, 7:30 àárọ̀)

Ìbéèrè tí mo ti ń dúró dè nìyí. Ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo nǹkan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wá lọ wo iná pupa ara mítà. Bó bá ṣì ń tàn, tó ń kú, ẹnì kan wà lórí wáyà yín. Nínú ọjà, ó pọ̀. Mo ti dé ṣọ́ọ̀bù kan ní Orísunbáre tó jẹ́ pé gílóòbù àti fáànù ẹlòmíì ni onítọ̀hún ti ń sanwó fún, láì mọ̀.

Lẹ́yìn náà, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn firísà. Ẹ mú ₦200 olówó bébà, ẹ fi há ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ pa á dé, ẹ fà á. Tó bá ń le láti fà, rọ́bà ṣì dára. Tó bá jáde wọ́ọ́rọ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba ibẹ̀ wọlé tọ̀sán-tòru, kọ̀mpírẹ́sọ̀ ò sì ní sinmi. Ẹ ṣe é yíká, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí igun ló máa ń kọ́kọ́ kú. Níbi firísà tó ti dàgbà, ibẹ̀ ni owó ń jò jù, owó rọ́bà ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦135,000.

Bí yìnyín bá ti nípọn lára ògiri inú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó yọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ o, èèyàn ti lu páìpù gáàsì báyìí rí. Ẹ fa firísà kúrò lára ògiri kí ẹ̀yìn ẹ̀ lè mí, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku tó wà níbẹ̀. Ọdún mélòó lẹ ti gbá a kẹ́yìn?

Tíṣà_Físíìsì (Tọ́sìdeè, 2:12 ọ̀sán)

Kí n fi kan kún un: tẹ́ ẹ bá ní ₦135,000 lọ́wọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ná torí iná, ẹ tọ́jú ẹ̀ kẹ́ ẹ fi kún owó firísà tuntun tó ní kọ̀mpírẹ́sọ̀ ìnfátà (èyí tó máa ń rọra yí níwọ̀n bó ṣe nílò, kì í ṣe ìnfátà oníbátìrì), kẹ́ ẹ fi rọ́pò èyí tó dàgbà jù. Ìyẹn ń dín wáàtì kù lóòótọ́, mítà sì máa rí i.

Olómi_Ayétòrò (Tọ́sìdeè, 3:40 ọ̀sán)

Jẹnẹrétọ̀ tí kì í mu epo ńkọ́? Wọ́n ní ẹ́ńjìn á máa yí jẹ́n, jẹ́n á máa gba bátìrì, bátìrì á máa yí ẹ́ńjìn.

Tíṣà_Físíìsì (Tọ́sìdeè, 3:44 ọ̀sán)

Ta ló wá ń bọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Kò sí agbára kankan tó ń ti ìta wọlé fún wọn.

Ẹlẹ́jaTútù_Ìgbọ̀nà (Sátidé, 8:37 alẹ́)

Mo ní kí n jábọ̀. Ọmọ yẹn wá lóòótọ́, òun àti ọ̀gá ẹ̀. WáyàNiṢẹ́Mi ti dé ṣáájú wọn, ó jókòó sórí páálí ẹja bí oníbàárà, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n yọ kílámpù, mo ní rárá, ẹ jẹ́ ká lọ sídìí mítà. Ọ̀gá ní iléeṣẹ́ àwọn ò fọwọ́ sí kí wọ́n fi mítà dán an wò, pé mítà ìlú yìí ò péye. Mo ní mítà tí kò péye yẹn ni mò ń sanwó fún. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, àwọn fẹ́ lọ gbé ẹ̀rọ kan nínú mọ́tò. Mọ́tò ṣí, ó lọ.

Ìyá aládìẹ bá gbé tiẹ̀ méjèèjì wá. A ṣe é bẹ́ ẹ ti wí, firísà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tan, ọmọ mi ń wo aago, gbogbo wa ń kà sókè. Láìsí àpótí, iná pupa tàn nígbà 38 láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Pẹ̀lú àpótí, 38. A yọ ọ́, 37. A tún kì í bọ ọ́, 38. Kílámpù já wálẹ̀ bíi ti ọjọ́ Mọ́ńdè, gbogbo wa rí i. Ìyá aládìẹ pe nọ́ńbà tó wà lára páálí, kò lọ. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ọjà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, torí àwọn ló gba owó ìdúró lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó wọlé.

Mo ṣe ti ₦200 náà. Firísà tuntun há a dáadáa. Ti àgbà kejì, igun kan ò há a. Ti àgbà kìíní, mo pa á dé, owó yẹn jábọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀ kí n tó fà á.

BàbáWẹ́dà_OldGarage (Sátidé, 9:02 alẹ́)

Ọ̀la ni màá ka mítà tèmi. Mi ò tíì gbà o.

WáyàNiṢẹ́Mi (Sátidé, 9:15 alẹ́)

Ẹ kà á, Bàbá, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbí, bó ti wù kó rí.

Màmá, kẹ́ ẹ tó lọ ra rọ́bà, ẹ wọn ilẹ̀kùn láti inú ihò tí rọ́bà máa ń wọ̀, ìbú àti gígùn, kẹ́ ẹ gé díẹ̀ lára rọ́bà àtijọ́ mú dání kí wọ́n lè wo irú ẹsẹ̀ tó ní. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ká a wá tó sì wọ́, ẹ rì í sínú omi gbígbóná díẹ̀, á nà.

Ẹlẹ́jaTútù_Ìgbọ̀nà (Sátidé, 9:20 alẹ́)

Ti àgbà kejì yẹn ńkọ́, igun kan péré tó kú, ṣé gbogbo ẹ̀ ni màá pààrọ̀?

WáyàNiṢẹ́Mi (Sátidé, 9:26 alẹ́)

Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ àti omi ọṣẹ nu igun yẹn, kẹ́ ẹ nu ara firísà tó dojú kọ ọ́ náà. Ìpẹ́ ẹja lè wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tún ₦200 fi há a.